Ọwọ́ Òsì Lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn

Láti ìgbà tí agbọ̀n obì ti já èjìká Wúlẹ̀mọ̀tù ni ìdí rẹ̀ ò ti rí ibi jókòó sí. Bó bá jókòó, apá á máa ta á. Bó bá dìde, apá á wúwo bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Àtidùbúlẹ̀ ló wá le jù. Nítorí náà, orí àga Mọ́ṣúdù, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ló ń sùn, bí adìyẹ tó bà sórí okùn. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ibi tí yóò gbé ara lọ.

Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀fọ̀ ni. "Ọkọ ẹ̀ ló ń wá kiri." Wọn ò parọ́, ó ń wá a. Mọ́ṣúdù ló máa ń fi òrí pa á léjìká, tí yóò máa bú u pé obìnrin wo ló ń bá lọ́rì du ẹrù. Àmọ́ ọ̀fọ̀ kì í ní kéèyàn má lè wé gèlè. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ti Wúlẹ̀mọ̀tù ò tó pẹpẹ, kò wọ kèrègbè, kò tiẹ̀ tó ẹnu ara rẹ̀ mọ́.

Sábó, ní Ṣàgámù, ló ti ń ta obì gbànja. Lọ́jọ́ kan tó ń yí obì kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́, agbọ̀n tó wà lókè yẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kó gbá a mú. Agbọ̀n ò tiẹ̀ ya. Apá ló ya. Kò pariwo. Ẹni tó bá pariwo ní Sábó pé apá òun ti kú, ṣe ló sọ pé obì òun ò rẹ́ni yí, àwọn oníbàárà á sì ti gba ìsọ̀ ẹlòmíì lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, bàbá kan wá rajà, bàbá tó ti ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà tí Ridwanullah ọmọ rẹ̀ ṣì ń rá. Wúlẹ̀mọ̀tù ṣa obì kan tó dán, ó nà án sí i kó tọ́ ọ wò. Ọwọ́ òsì ni.

Bàbá wo ọwọ́, ó wo ojú. "Ìyá Ridwan, èmi lẹ ń na òsì sí?"

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ló rín. Bàbá tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sọdá sí ìsọ̀ òdìkejì. A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ wá wo ẹni tó fi òsì fún àgbàlagbà lóbì.

Ọjọ́ náà ló pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní rí òsì òun nídìí oúnjẹ láéláé. Ridwanullah wà ní Kánò, níbi tó ti ń gba obì tí wọ́n bá kó dé. Kareemat, ìyàwó rẹ̀, ló ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ gbé. Látìgbà tí wọ́n ti sin Mọ́ṣúdù, inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, nítorí Kareemat sọ pé ìyá òun ò ní jẹ ẹ̀bà tí òun ò bá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ní báyìí, Wúlẹ̀mọ̀tù á gbé abọ́ rẹ̀ wọ yàrá, á sì ti ìlẹ̀kùn. Níbẹ̀ ló ti ń fi òsì jẹun, tí ọbẹ̀ ń ro sí i láyà.

Nígbà tí ìrora kọ̀ tí kò lọ, ó yọ́ lọ sí ọsibítù. Dókítà Fisáyọ̀ wo àwòrán èjìká náà, ó ní iṣan ti já, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ló bá gbé àwòrán tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ṣé ẹ ń sùn? Ṣé ẹ ń jẹun? Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀?"

"Dókítà, ṣé èjìká lẹ fẹ́ tún ṣe, àbí ẹ ń bá ẹ̀gbọ́n yín wá ìyàwó?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yẹsẹ̀. "Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, iṣẹ́ abẹ máa ń le fún un. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa gbé apá yìí kọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ ò ní lè dá wẹ̀. Ẹ mú ẹni tó máa tọ́jú yín wá lọ́jọ́ Àlàmísì. Bí mi ò bá rí i, mi ò ní fi abẹ kàn yín."

"Ìyàwó ọmọ mi wà ńlé."

"Ẹnu òun gan-an ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e délé, gbogbo kòtò ọ̀nà ló sì bá a wọ èjìká. Àpò ńlá kan ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Kareemat dúró tì í, ìbòrí ti wà lórí rẹ̀.

"Màámi, ọbẹ̀ yín wà lórí sítóòfù. Mò ń lọ sọ́dọ̀ màmá mi n'Íkẹ́nnẹ́."

"Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú. Mi ò sì fẹ́ kẹ́nì kan kú kí wọ́n ní èmi ni." Ó fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "Oúnjẹ tí mo bá sè, ẹ̀ ń gbé e pa mọ́. Ẹ ti gbẹ, ẹ rù kan eegun. Ìyá Hàmdálátù tó wà lódìkejì bi mí lójú agbo pé kí ni mo ń fi sọ́bẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi ń sá fún un. Lójú agbo o, Màámi! Bí ẹ bá rò pé májèlé ni, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú."

Wúlẹ̀mọ̀tù wo àpò náà. Ó ti ṣọ́ ìsọ̀, ó ti ṣọ́ ẹnu ayé; kò rò ó rí pé ìlẹ̀kùn tí òun ń tì, orí ọmọ yìí ló ń tì í mọ́. Kareemat gbá àpò mú.

"Gbé ẹ̀bà wá," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí.

"Màámi, ilẹ̀ ń ṣú, mọ́tò…"

"Mo ní gbé e wá!"

Ó jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, ìlẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kareemat gbé abọ́ wá. Wúlẹ̀mọ̀tù na ọwọ́ ọ̀tún sí i, kó lè rí i. Ọwọ́ dé àyà, ó dúró, kò lè kọjá ibẹ̀. Ó wá fi òsì bu òkèlè. Òkèlè ṣubú sílẹ̀. Ó bu òmíràn. Ọbẹ̀ dà sí i lágbọ̀n, ó ro sí bùbá. Ó ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò gbójú sókè.

Kareemat jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin Màámi yìí! Ẹ dẹ̀ ń jẹun bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú."

"Bú mi. Ó tọ́ sí mi."

"Ẹ gba èyí." Kareemat ti fọwọ́, ó ti bu òkèlè, ó nà án sí i lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ kí Ìyá Hàmdálátù kọjá, kó wá wo májèlé."

Wúlẹ̀mọ̀tù sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà lẹ́nu: agbọ̀n, bàbá oníbàárà, Dókítà, Àlàmísì. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Àpò yẹn ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀. Òun náà la ó gbé lọ sí ọsibítù."

"Aṣọ tìrẹ nìkan ló wà nínú ẹ̀."

"Ẹ dìde nígbà náà, ká kó tiyín sí i."

Wúlẹ̀mọ̀tù na ọwọ́ òsì sí i kó fa òun dìde. Kareemat sì gbà á.