Ẹ̀tàdínlógún Ọ̀gbẹ́ni Mobáyọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Ọ̀gbẹ́ni Mobáyọ̀, ó ń bá ẹ̀rọ ìdàwékọ jà nínú yàrá àwọn olùkọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síléèwé náà, ní Hyattsville, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti máa kọ́ ìṣirò. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi ló bọ́ sí Yorùbá.

"Ará Ọ̀yọ́ ni ẹ́, àbí? Ojú ẹ jọ ti ẹni tó máa ń jiyàn."

Mo ní ará Ìbàdàn ni mí.

"Ìyẹn gan-an ni mo ń wí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Kẹ́místírì ló ń kọ́. Ibi tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù nínú ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tò sínú átọ́ọ̀mù, ni òun fẹ́ràn jù. Yóò ní kí wọ́n fojú inú wo ilé alájà púpọ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́rin tí a fi ń dá a mọ̀: èkíní sọ àjà tó wà, èkejì sọ irú yàrá, ẹ̀kẹta sọ yàrá náà gan-an, ẹ̀kẹrin sọ ibi tó kọrí sí. Méjì lè pín yàrá kan, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kọrí sókè, èkejì gbọ́dọ̀ kọrí sísàlẹ̀. Kò sí méjì tí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn bára mu.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò padà tán. Yorùbá ló kọ́kọ́ ń wá sí i lẹ́nu, inú rẹ̀ ni yóò sì ti máa yọ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Adérìnsọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bí síhìn-ín, kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ kò ju kí ó padà sí kíláàsì lọ. Ìyáàfin Stephanie, ọ̀gá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ní kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kan kí òun wò ó. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ mí pé kí n wà níbẹ̀. Èmi àti Stephanie jókòó sẹ́yìn.

Átọ́ọ̀mù kilorín ló mú fún àpẹẹrẹ. Ó ya ilé náà dáadáa. Joel, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, béèrè pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mélòó ló wà níbẹ̀. Mo rí i tí ètè ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́: ẹ̀tàdínlógún. Ó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe tò lẹ́nu Yorùbá: ẹ̀ta ṣáájú, ogún tẹ̀lé e. Mẹ́tàlélógún ni àwọn ọmọ gbọ́. Wọ́n ń tò ó lọ títí wọ́n fi dé àjà kẹrin, níbi tí kilorín kì í dé.

Joel wo àtẹ kẹ́místírì tó wà lára ògiri. "Sà, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kọ síbí. Àwọn mẹ́fà yòókù ńkọ́? Ṣé àlejò ni wọ́n?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n tún un sọ, ohun kan náà ló tún jáde: ẹ̀ta, ogún. Ó rọra gbé ìkọ̀wé rẹ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo ṣàlàyé fún Stephanie pé mẹ́ta ni à ń yọ kúrò nínú ogún, pé ẹ̀gbọ́n kò ṣi ìṣirò.

"Mo gbà yín gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ ò bá jókòó níbẹ̀, ta ni yóò ṣàlàyé fáwọn ọmọ?"

Nígbà tí a jáde, inú ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n dì mí lápá.

"Àbúrò, má bá obìnrin yẹn jà. Òótọ́ ló sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n kẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó fẹ̀yìn tì kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí. Ọ̀dọ̀ Adérìnsọ́lá ló ń gbé báyìí, ní Oxon Hill, ó sì máa ń lọ rí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.