Ta Ló Kágò fún Àwọn Ará Àbàtà?

Bí mo bá fẹ́ da omi nù lẹ́yìn ilé wa ní Makepe, nílùú Douala ní Kamẹrúùnù, mo máa ń kọ́kọ́ kágò. "Àgò o!" Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: ilẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan, ẹni tí mi ò rí lè wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ nípa iwin, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹkọ̀ inú àbàtà ẹ̀yìn ilé wa mọ ohùn mi. Bí mo bá ti kágò, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá da omi náà tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Mo fẹ́ràn wọn ju àwọn aládùúgbò mi kan lọ.

Àwọn èèyàn kì í ka ibẹ̀ sí. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, síbẹ̀ òun ló ń gba omi òjò Douala dúró fún wa. Omi ò wọlé wa rí. Ó ṣe, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀ pupa síbẹ̀. Mo bi awakọ̀ kan pé ta ló rán an. Ó ní, "Maman, na patron send me," pé ọ̀gá òun ló rán òun, ó sì yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sókè.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé nìyẹn. Mo fura sí lańlọ́ọ̀dù. Mo fura sí tíṣà tí ilé rẹ̀ kángun sí àbàtà náà, torí pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàròyé. Mo tún ń fura sí ọkọ mi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Bàtà ló ń tà ní New Bell, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ amọ̀ á kún bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá dé nírọ̀lẹ́. Á sì fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi kó tó wọlé. Ọkùnrin tí kò fọ abọ́ rí! Mo gbà pé ó ti lóbìnrin sí àdúgbò tí títì rẹ̀ kò lọ́dà. Inú bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Owú ò jẹ́ kí n wo àwọ̀ amọ̀ náà dáadáa.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo tètè ti ọjà dé. Ọkọ̀ erùpẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ nínú àbàtà, ẹnì kan dúró lábẹ́ agbòòrùn, ó ń júwe ọ̀nà fún un. Agbòòrùn mi ni. Ọkọ mi ló dì í mú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Dádì, ẹ̀yin ni patron?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Mọ́mì, ilé rẹ ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Terrain náà, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ti di tiwa."

Ká sọ òótọ́, inú mi dùn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ìdùnnú náà ò tọ́jọ́.

"Níbo lẹ fẹ́ kí òjò gbà?"

"Ilé tiwa á ga. Omi ò ní dé ọ̀dọ̀ wa."

"Àwọn tíṣà ńkọ́? Àwọn tó ń gbé inú ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ tiẹ̀ kágò fún wọn?"

Ó kọjú sí ọkọ̀ náà, ó tún ń júwe ọ̀nà fún un.

Òjò ọ̀sẹ̀ náà wọ ilé tíṣà. Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀ gbọ́n omi. Mo kágò kí n tó da abọ́ àkọ́kọ́ nù, mo sì tẹ́tí. Kò sí kọ̀ǹkọ̀ tó dákẹ́, torí kò sí èyí tó ń ké tẹ́lẹ̀. Ìyàwó tíṣà wá bi mí bóyá mo mọ patron tó ń kó erùpẹ̀ wá.

Mo sọ fún un pé ọkọ mi ni. Ó rọra gba abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.