Àtẹ̀gùn Ló Lé Ilésanmí

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri láàárín àwa ará ilé tó wà ní Port Harcourt pé hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló lé Ilésanmí télọ̀ bí ẹni lé alágbe, nígbà tó wá wá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo bá a kiri. Méjì ni, kì í ṣe mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó lé e. Àtẹ̀gùn ló lé e.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìlú kan náà la ti wá. Ẹ̀yìn ọjà ní Port Harcourt níbí ló ti ń ránṣọ kó tó di 1967, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Ibiere, ọmọ Okrika. Nígbà tí ìlú fẹ́ dàrú, ìyá Ibiere wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, Ibiere ò lè fi í sílẹ̀, Ilésanmí nìkan ló bá ọkọ̀ lọ sílé. Ọkọ̀ yẹn dojú dé lọ́nà. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbé e mọ́, àga oníkẹ̀kẹ́ ló kù. Lẹ́tà ò lè kọjá nígbà ogun, Ibiere ò gbọ́ nǹkan kan.

Oṣù kẹrin 1970 ni mo rí Ibiere ní Rumuola, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo bá ránṣẹ́ sílé. Ọjọ́bọ̀ ni Ilésanmí dé. Sátidé ni Ibiere máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé bàbá rẹ̀ láàárín omi, níbi tí kẹ̀kẹ́ ò lè dé láéláé. Mo ní kí n lọ pè é wá. Ilésanmí kọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo lọ. Èmi náà ni kí n padà wá bá a, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́."

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé tiwa wà, la bá bọ́ sígboro. Hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án. Èkejì, ẹnu ọ̀nà ò gba kẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ní àwọn á pọ̀n ọ́n, Ọlọ́run á bù kún wọn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n pọ̀n gòkè, àfi kó dúró de ẹni tó máa pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti Dagogo lẹ́bàá èbúté. Yàrá òkè tó dára jù ló tẹ́ sílẹ̀, torí wọn kì í fi àlejò pàtàkì sísàlẹ̀. Ilésanmí ò wòkè rárá. Sítọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ló ń wò, níbi tí Dagogo ń kó àgbá epo pupa sí kí ogun tó dé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí àgbá lè yí wọlé. Ó yí ara rẹ̀ wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Ẹ̀rín tó rín, mo ti gbàgbé pé ó ní eyín tó bẹ́ẹ̀.

Dagogo fajú ro. "Mama, dem go laugh me," ló sọ fún mi, pé wọ́n á ní òun fi àlejò sínú sítọ́ọ̀ epo. Ilésanmí ní tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kó ní àgbá epo ni òun, torí òun kún ni wọ́n ṣe yí òun wọlé. Dagogo ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló fi omi ọṣẹ fọ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì òkè sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè dúpẹ́ rẹ̀ tán.

Ó wá ku bí a ó ṣe dé Rumuola. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ká, kò wọ takisí. Múrítàlá tó ń fi lọ́rì kó pákó ló gbà láti gbé wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Pátákó gígùn tí wọ́n fi ń yí àgbá gun ọkọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé Dagogo, orí rẹ̀ ni Ilésanmí gbà gòkè. Wọ́n fi okùn so kẹ̀kẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, èmi dúró tì í. Afẹ́fẹ́ gba gèlè mi lọ ní Aba Road, mi ò ní kí wọ́n dúró.

Nígbà tó gba orí pátákó kan náà sọ̀kalẹ̀ ní Rumuola, ó ní kí a dúró sídìí ọkọ̀. Òun nìkan ló yí kẹ̀kẹ́ wọ àgbàlá. Ibiere jáde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó dúró gbagidi. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ bá a, wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn ilé, a ò rí wọn mọ́. Múrítàlá ní kí n jókòó. Ta ló fẹ́ jókòó?

Ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́jọ́ Sátidé, Ibiere ò sí nínú rẹ̀. Ọlọ́run ṣeun. Mo bi Ilésanmí pé kí ni ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn ilé yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, kò béèrè ẹsẹ̀. Ó ní ta ló ń gé irun mi láti ọdún mẹ́ta yìí, pé onítọ̀hún ò mọ̀ ọ́n gé. Ló bá wọlé lọ mú àlùmọ́gàjí."