Ilẹ̀ Tí Ìyá Mi Lù ní Gòrò

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé pátákó ìlulẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rín pa mí débi pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo lù. Ìyá mi ló fà á. Ó pọn àbúrò mi, ó wà níwájú àwọn obìnrin bíi ogún, ó ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ ọkọ olúkúlùkù wọn. Bàbá mi ló fi bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A ó da yangí sílẹ̀, a ó wọ́n omi sí i, a ó tò lẹ́sẹẹsẹ, a ó sì máa fi pátákó lù ú títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà la ó da omi èèpo irúgbá lé e. Irúgbá ni igi tí à ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Bí èèpo èso rẹ̀ bá jinná dáadáa, omi rẹ̀ á pọ́n, á ki, á sì mú ilẹ̀ dán bí ìkòkò tuntun.

Ìyá mi kì í gba ohunkóhun. Ẹni tó bá ti mọ ilé ní Gòrò, ìbáà ṣe opó, ìbáà ṣe ìyàwó tuntun, yóò kàn bá a lẹ́nu ọ̀nà tòun ti pátákó ni. Síbẹ̀, kò sí ìgbà tó jáde láìbọ́ àwa ọmọ mẹ́fà yó.

Nígbà tó kan ilé ìrun tuntun, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀ wá kírun Jímọ̀ àkọ́kọ́. Èmi ni ìyá mi ní kí n se omi irúgbá. Èèpo kò pọ̀, igi ìdáná sì ti tán. Mo bá bu omi odò kún un.

"Àṣàtù, ṣé ó ki?"

"Ó ki, Yèyé."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹní kò kárí. Àwọn ọkùnrin forí kanlẹ̀, wọ́n gbérí: erùpẹ̀ yangí ti kun gbogbo iwájú orí, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀! Ti àgbà àlejò kan tún kan imú. Rábì, ọ̀rẹ́ ìyá mi, fi aṣọ di ẹnu, ẹ̀rín gba imú rẹ̀ jáde. Ni gbogbo ìlà àwa obìnrin bá ń mì.

Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Bí ìrun ṣe parí, lèmọ́mù yíjú sí wa. "Ta ló lu ilẹ̀ yìí?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ló ṣẹ̀, ẹ forí jì mí."

Ara mi ò gbà á. Mo ké pé, "Kì í ṣe òun! Èmi ni mo bu omi odò sí i, mo sì parọ́ fún un."

Àgbà àlejò fọwọ́ kan imú, ó wo ìka rẹ̀, ó wá wo lèmọ́mù. "Lèmọ́mù, ẹ ò rí ojú yín ni!"

"Ẹ kọ́kọ́ nu tiyín ná!"

Ẹ̀rín bú jáde. Lèmọ́mù fara ti ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá mi ò nà mí. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Omi kọ́ ló dùn mí, irọ́ ni. Ilẹ̀ ò ní bá ọ bò ó." Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n lọ tọrọ èèpo láti agbolé dé agbolé. Gbogbo agbolé ló bi mí léèrè imú àlejò. Mo se omi náà títí ó fi ń fà, a tún ilẹ̀ lù, ó sì le bí òkúta.

Ọdún gorí ọdún, èmi ni mo wá ń ṣáájú àwọn obìnrin. Nígbà tí apá ìyá mi ò ká pátákó mọ́, ó tẹ̀ lé mi lọ wo ilé opó kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ láti igun dé igun. Ó wá nà sílẹ̀ gbalaja lọ́sàn-án gangan, ó sì sùn lọ. Onílé gbé ẹrù rẹ̀ dé, mo ní kó rọra. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ níta, ó jókòó tì mí, a jọ ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń hanrun.