Ìlù Kẹrin ní Tolliver

Ó ti rẹ Maren Brandstetter kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà tó mọ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti ń gbé ìlù ńlá kọ́ àyà, tó ń yan lọ yan bọ̀ nínú òjò, nínú òtútù, nínú àwọn gbọ̀ngàn tí kò ní fèrèsé, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni o, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ fọwọ́ ti orúnkún bí ìyá àgbà.

Ludwell bàbá rẹ̀ ló ń wakọ̀. Ó ti rẹ òun náà. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà òtútù ni òun àti àwọn òbí yòókù fi ń ti ìlù gun ọkọ̀ ẹrù, tí wọ́n ń tẹ́ tápólì ràgàjì tí àwọn ọmọ ń yan lórí rẹ̀, tí wọ́n tún ń ká a nígbà tí eré bá parí. Ọkùnrin náà ò mọ ohùn ìlù kan yàtọ̀ sí èkejì, àmọ́ kò sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Ohio tí kò mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"Tún un sọ fún mi," ni ó wí, ó gbé ife kọfí tó ti tutù sẹ́nu. "Orí mi kì í gba ọ̀rọ̀ láàárọ̀."

"Dádì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ gbọ́ ọ ná?"

"Títí yóò fi yé mi. Ṣé èmi ni mo ní kí o bí bàbá olórí kunkun ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Dádì."

"Ìwọ náà rí i báyìí. Sọ ọ́."

Maren mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ: ẹ̀kọ́ apòògùn ló fẹ́ kọ́, kò sì fẹ́ fi ìlù ìdíje sílẹ̀. Yunifásítì ìjọba tó wà nítòsí wọn múná nínú ẹ̀kọ́ apòògùn, ṣùgbọ́n báǹdì ibẹ̀, tòun ti gbogbo okìkí rẹ̀, orí pápá bọ́ọ̀lù nìkan ló ti ń lù. Kì í bá ẹnikẹ́ni díje. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Harlow Creek ń gba ife ẹ̀yẹ ìlù, àmọ́ ó ṣòro fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ apòògùn níbẹ̀ láti yege ìdánwò ìwé àṣẹ. Yunifásítì Tolliver, tí wọ́n ń lọ yìí, nìkan ló ní méjèèjì. Wọ́n ti gbà á síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ìdánwò ti ìlù ló kù, ọjọ́ Ajé ló sì gbọ́dọ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ tó mú.

"Bí wọn ò bá mú ọ lónìí ńkọ́?"

"Màá lọ sí ti ìjọba, màá sì sọ ìlù kalẹ̀."

"Ẹni tó bá lé eku méjì..."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí ẹ̀."

 Bàbá rẹ̀ fọwọ́ ra ojú, ó sì ń wakọ̀ lọ.

Ohun tí Maren ò sọ fún un ni pé kò síbi tó ṣófo ní Tolliver. Ìlù ńlá márùn-ún ni wọ́n ń gbé, ìlù kan, ohùn kan. Ẹnì kan kì í lu orin tán níbẹ̀. Tìrẹ lo máa lù, wàá dákẹ́ kí ẹnì kejì lu tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orin á ṣe sáré láti orí ìlù kékeré dé orí èyí tó tóbi jù. Àwọn márààrún ti èṣí ló sì tún padà wá. Àṣà ibẹ̀ ni pé bí ìgbà ìrúwé bá dé, ẹni àná àti ẹni òní á jọ dúró fún ìdánwò kan náà. Bí wọ́n bá mú Maren, ẹnì kan á bọ́ ìlù sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Ọ̀gbẹ́ni Quillen, olùkọ́ ìlù, ti dá gbogbo àwọn àlejò tó wá dánwò padà sílé, ó ku Maren nìkan. Wọ́n ní kí onílù kẹta lọ jókòó ná, wọ́n sì gbé ìlù rẹ̀ kọ́ Maren lọ́rùn. Ẹni tó wà lórí ìlù kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ọmọkùnrin gbọọrọ kan tó ń jẹ́ Anselm Pruitt. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Òun ló rí i pé Maren ti gbàgbé fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí, ó sì yọ méjì fún un nínú àpò.

"Ìwọ ni wọ́n ní kó wá lé wa lọ?" ni ó wí tẹ̀rín tẹ̀rín. "Má fòyà, a kì í jẹ èèyàn kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Kí lo fẹ́ wá kọ́ níbí?"

"Ẹ̀kọ́ apòògùn."

Anselm rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Yéè! Arábìnrin mi nínú ìyà! Ohun témi náà ń kọ́ nìyẹn. Ìdánwò kẹ́mísírì ń dúró dè mí lọ́jọ́ Ajé."

"Báwo lo ṣe ń rí àyè sùn?"

"Ta ló parọ́ fún ẹ pé mò ń sùn?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí orin àkọ́kọ́, níbi tí ohùn ti ń sáré jù, Anselm tòògbé lórí ìdúró. Kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Kí Maren tó rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti lu èyí tó yẹ kí Anselm lù. Ohun tó ti mọ́ ọn lára ni. Nílé ẹ̀kọ́ girama wọn, àìsàn dá ọmọ tó wà lórí ìlù kẹrin dúró sílé ní gbogbo ìgbà òtútù, Maren ló sì ń dí àlàfo náà, tí gbogbo ènìyàn ń kí i pé ó ṣeun.

Quillen gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n dá ìlù dúró.

"Ohùn ìlù kẹta ni mo gbọ́ níbi tí ti kẹrin yẹ kó ti dún. Ta ló lù ú?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló rán ẹ?"

"Mo rò pé..."

"Má bá mi rò ó." Kò pariwo, ohùn ẹni tí àárẹ̀ ti mú ni. "Bí ẹnì kan bá ń sùn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ pé ó ń sùn. Ẹni tó bá tún lu ti ẹlòmíì, ilé ló ń lọ. Ó yé yín?"

Ó yé wọn. Anselm tẹrí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Má bínú," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Jọ̀ọ́, má sùn mọ́."

"Mò ń gbìyànjú ẹ̀."

Wọ́n tún un gbé. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibi ìsáré náà, Maren fi ìpẹ̀kun ojú rí i tí orí Anselm ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.  Àyè wà láti lu ti Anselm, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ dìde. Ó rántí ọjọ́ Ajé. Ó fi kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ tẹ awọ ìlù mọ́lẹ̀ gírígírí, ó dá ọwọ́ dúró. Orin náà já sí méjì láàárín gbọ̀ngàn, débi pé bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀lù gbójú sókè níbi tó jókòó sí.

Quillen rìn wá, ó fọwọ́ kan èjìká Anselm títí ó fi lajú.

"Bọ́ ọ sílẹ̀, Anselm."

Anselm kò jiyàn. Ó bọ́ ọ.

"Maren, bọ́ sí kẹrin, tìrẹ nìyẹn. Kẹta, padà sídìí ìlù rẹ."

Irin tí wọ́n fi ń gbé ìlù kọ́ èjìká náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ara Anselm nígbà tí Maren gbé e wọ̀. Ó lù ú títí wọ́n fi ṣíwọ́, kò sì ṣi ẹyọ kan lù.

Nígbà tí àwọn yòókù ń ká tápólì, ó lọ bá Anselm lórí ìjókòó onípákó, níbi tó na gbalaja sí pẹ̀lú ìwé kẹ́mísírì lórí àyà. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"O rí mi tí mò ń tòògbé," ni Anselm wí láìlajú.

"Mo rí ọ."

"Ó dáa. Màá lọ sùn." Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. "Bí èmi náà ṣe wọlé lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ẹ̀kọ́ apòògùn ni ẹni tí mo gba ipò rẹ̀ náà ń kọ́."

Bàbá Maren ti jókòó sídìí ọkọ̀. "Ṣé wọ́n mú ọ?"

"Wọ́n mú mi."

Ludwell tẹ fèrè ọkọ̀ pín-ín. "Ọmọ mi! Kí ló wá dé tó o fajú ro bí ẹni tí wọ́n lé?"

"Ẹnì kan ni wọ́n yọ kí n lè wọlé, Dádì. Mo lè gbà á sílẹ̀, mi ò gbà á."

 Bàbá rẹ̀ wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó wú, ó wo ojú rẹ̀ tó ti jìn sínú.

"Ṣé wàá ṣì wá síbí?" ni ó bi í jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ bí o bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Èmi gan-an kò ní bínú."

Maren ronú sí i gidi. Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà pẹ́.

"Màá wá," ni ó wí. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú náà sì ń tì í lójú.