Ohun Tí Ọwọ́ Mi Mọ̀ Lára Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà. Ọmọ mi obìnrin ló gbé e fún mi nígbà tó ra tuntun, àwọn lẹ́tà kan ti pa rẹ́ lára rẹ̀, mo sì fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí wọn. Ní gbogbo Jímọ̀, tí mo bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé, orí rẹ̀ ni mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìwó. Fóònù kéré jù fún ojú mi. Mo fẹ́ kí ojú wọn tóbi níwájú mi.

N ò kàwé púpọ̀. Ibi tí nǹkan wà ni mo mọ̀: igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, àwòrán kẹta, kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ń mú iyọ̀ nínú kíṣìnnì mi láìtan iná náà nìyẹn.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ síwájú mi pé Windows inú rẹ̀ ti pẹ́ jù, pé ara rẹ̀ ò sì lè gba tuntun. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Rye Lane, nílùú òyìnbó tí mò ń gbé yìí, ní, "Mummy, ẹ sọ ọ́ nù." Mo dúpẹ́, mo gbé e padà sílé. A kì í sin ohun tó ṣì ń mí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, wá láti Brockley ní Sátidé. Ó ní ká yọ Windows, ká fi ètò míì tí wọ́n ń pè ní Linux rọ́pò rẹ̀, pé kò wúwo, kọ̀ǹpútà àgbà lè gbé e.

"Ṣé ọwọ́ mi á mọ̀ ọ́n?"

Ó ní oríṣiríṣi ló wà, a sì lè tọ́ wọn wò láti orí fláàṣì kékeré ká tó mú ọ̀kan. Ìyẹn wù mí gan-an. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

Àkọ́kọ́ to àwòrán rẹ̀ sí àárín. Mo na ọwọ́ sí igun, òfìfo.

"Èyí ò mọ̀ mí."

"Grandma, ẹ̀yin gan-an lẹ ò mọ̀ ọ́n."

Ìkejì ṣókùnkùn bí ilé tí iná ti lọ. Ní ti ìkẹta, mo na ọwọ́ sí igun òsì, ó ṣí. Mo ní kó fi ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà, kó sì to àwọn àwòrán mi síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, mo lọ po tíì.

Nígbà tí mo dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá láti fi mú inú mi dùn. Mo jókòó. Gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ, àmọ́ ojú wọn ti di ojú àlejò. Kíláàsì àgbàlagbà ní Deptford ni mo ti mọ "Save" àti "Open", bí èèyàn ṣe ń mọ aládùúgbò. Ọwọ́ mi wá ń ṣiyèméjì. Tí n bá tẹ èyí tí kò yẹ ńkọ́, tí mo sì pàdánù ẹ̀gbọ́n mi?

"Ṣé Yorùbá náà ò dáa ni?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi. Èdè òyìnbó ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀ ni. Dá a padà, àmọ́ fi orúkọ ọjọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá fún mi."

Nígbà tó di Jímọ̀, n ò tíì bọ́ híjáàbù tí mo fi jókòó. Kọ̀ǹpútà kọ Ẹtì sí igun. N ò pe ẹnikẹ́ni. Igun òsì, àwòrán kẹta, ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú ẹ̀gbọ́n mi yọ, ó tóbi.

Mo sọ fún wọn pé mo ti pààrọ̀ gbogbo inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n sún mọ́ iwájú, wọ́n wò mí títí.

"N ò rí ohun tó yàtọ̀," wọ́n ní. "Híjáàbù ẹ ló wọ́. Tún un ṣe."