Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Ki Erin

Mo ṣì kéré, orí itan àgbà ni wọ́n ń gbé mi sí nínú ọkọ̀, nígbà tí bàbá mi ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó àlejò láti Sabon Tasha ní Kaduna lọ wo ẹranko nínú igbó. Ọgbà ẹranko náà jìn, ó kọjá Jos dáadáa. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bi mí bí wọ́n ṣe ń lọ irú ibẹ̀, n kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rántí.

Bàbá mi kì í gbé ẹni tó bá wọ aṣọ pupa tàbí funfun, torí ẹranko tètè ń rí i. Kò fẹ́ kí tùràrè ta sánsán lára ẹnikẹ́ni. Omi tí ẹ máa gbé gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ máa mu lọ. Ìdájí ni wọ́n ń wọ igbó, kí oòrùn tó lé ẹranko sábẹ́ ibòòji, ẹ ó sì ti tọ̀ kí ẹ tó wọlé, nítorí kò sí pé ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ kí ọ̀bọ má rí i. Ẹ ti gíláàsì.

Ìyá tó bí bàbá mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún kan. Ọdẹ ni bàbá tiwọn, ó pa erin rí, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ nìkan ló gbé wálé. Ìyá àgbà mọ oríkì erin láti kékeré, wọn kò sì fojú rí erin rí. Wọ́n ní àwọn kò ní kú láìrí i.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan jókòó ti bàbá mi níwájú. Ó fi Hausa kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ikọ́ pàápàá kò sí. Màámi túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà.

“Èémí ńkọ́?” ni wọ́n bi í.

Nínú igbó, ọ̀bọ ńlá kan gun bọ́nẹ́ẹ̀tì wa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá onílé ti sùn. Lójijì ó sá gun igi. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Ẹ̀ṣọ́ gbé ọwọ́ sókè, bàbá mi sì pa ẹ́ńjìnnì.

Erin kan yọ. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà gbé mi jókòó dáadáa lórí itan wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oríkì, wúyẹ́wúyẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ohùn wọn tó gòkè.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ni bàbá mi wí láìbojú wẹ̀yìn.

“Kí n rí i kí n má kí i? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?”

Erin dúró. Ó na etí méjèèjì, ó kọjú sí wa, ó ń bọ̀. Bàbá mi na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ṣọ́ di ọwọ́ náà mú. Inú ọkọ̀ ṣókùnkùn. Ojú rẹ̀ kan wà lára gíláàsì, ó ń wo ìyá àgbà, oríkì sì gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó fi iwájú orí ti ọkọ̀ náà títí ọkọ̀ fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètè màámi ń gbàdúrà láìní ohùn. Mo tọ̀ sára ìró ìyá àgbà.

Ó pẹ́ kó tó kúrò, kó tó padà sínú igbó.

Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ẹ̀ṣọ́ ní kí a má bínú sí erin náà. Àwọn ọdẹ ti wá pa ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá ti gbọ́ ohùn ènìyàn, yóò wá wò ó.

Bàbá mi sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Wọn kò jẹun títí a fi dé Kaduna. Ìgbà tí màámi ń bọ́ gèlè lórí wọn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Bí bàbá mi ṣe máa ń kí erin nìyẹn,” ni wọ́n wí, “kó tó yìnbọn.”

N kò gbọ́ oríkì náà lẹ́nu wọn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Bàbá mi ti ta bọ́ọ̀sì náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó gba ọ̀nà náà lọ tó sì padà dé, kí ẹ tó ro ti aṣọ àti omi. Nígbà tiwa, gbogbo abúlé la ń dúró kí. Nísinsìnyí tí ajínigbé wà lójú ọ̀nà, tí àjèjì bá yọ létí igbó, tó rẹ́rìn-ín tó fi Hausa kí wa pé “Sannu ku,” kò sẹ́ni tó ń dáhùn nínú ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò.